Ta Ni Yóò Fi Yorùbá Wé Àkàrà?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Oṣù kejì ti ń lọ sópin, oòrùn ọ̀sán sì ti ń ta ni lórí bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, níhìn-ín ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ náà ṣì ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku rẹ̀ sì ń bà lé gbogbo ohun tí a kò bá fi aṣọ bò. Nítorí náà, ìkíni mi ṣì bá ìgbà mu.

Ìjà ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe àwọn tí ó kórìíra Yorùbá ni mo fẹ́ bá jà. Àwọn wọ̀nyẹn kò ṣòro láti dá lóhùn, a sì ti dá wọn lóhùn títí ó fi sú wa. Àwa tí a ń pariwo pé a fẹ́ràn èdè náà ni mo fẹ́ bá wí: àwa olùkọ́, àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwa ọmọ ẹgbẹ́ àṣà, àwa tí a máa ń dé fìlà abetí-ajá lọ sí àpérò. Ẹ̀sùn mi kò gùn. A ti sọ Yorùbá kíkọ di aṣọ ìmúròde. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni à ń mú un jáde, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ ìwúyè, àti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, tí àjọ UNESCO ti kéde láti ọdún 1999 pé ó jẹ́ àyájọ́ èdè abínibí ní gbogbo àgbáyé. Bí ayẹyẹ bá ti parí, a ó ká aṣọ náà, a ó fi káńfọ̀ sí i, a ó sì tì í mọ́ inú àpótí títí di ọdún tí ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe aṣọ ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó bí mi nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọn kò fi èdè náà tọ́ ọ dàgbà, kọ lẹ́tà kékeré kan sí èmi àti àwọn olùkọ́ méjì mìíràn. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Ó ní òtútù ń mú, ilẹ̀ ń tètè ṣú. Ó ní òun po tíì, òun fi aṣọ bo ẹsẹ̀, òun sì ka ojú-ìwé mẹ́ta nínú ìwé Yorùbá kan kí oorun tó gbé òun lọ. Ó wá béèrè bóyá "ìgbà òtútù" ni kí òun máa pe àsìkò tí wọ́n wà níbẹ̀, tàbí "ọ̀gìnnìtìn", tàbí "ọyẹ́". Ó fi àmì ohùn sí ibi tí ó mọ̀, ó ṣi àwọn kan fi. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn.

Èsì tí ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta fi ránṣẹ́ ni ó ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì (ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i) pé Yorùbá tí ọmọ náà kọ kò ní ìjìnlẹ̀ kankan, pé kò sí òwe kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sí àkànlò èdè, àti pé kí ó lọ kọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ná kí ó tó máa kọ̀wé nípa tíì.

Mo bi yín: ta ni ó ń fi òwe mu tíì? Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òtútù mú òun lánàá, ṣé ọ̀rẹ́ náà a máa bi í pé Shakespeare dà nínú lẹ́tà rẹ̀? Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ dára. Òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bọ́ sínú ibú láìkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí omi mọ ní ọrùn-ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sí etí odò, tí ẹ ń fi pàṣán lé gbogbo ẹni tí omi kò tíì mù dé orúnkún, ẹ máa wò ó, láìpẹ́ ẹ̀yin nìkan ni yóò kù létí odò náà.

Èmi dá ọmọ náà lóhùn ní tèmi. Mo ní òtútù ni ohun tí ara ń gbọ́, yálà láti inú omi ni tàbí láti inú atẹ́gùn. Ọ̀gìnnìtìn ni òtútù tí ó le, èyí tí ń mú ni gbọ̀n. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá wa láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta. Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù nìkan: eruku wà nínú rẹ̀, gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ooru ọ̀sán gan-an sì wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku náà ni ó ń ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ní ìgbà láéláé. Ìsàlẹ̀ adágún náà ni mo ń fi aṣọ nù kúrò lára ìwé atúmọ̀ èdè mi ní àràárọ̀. Nítorí náà, Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà òtútù, ó sì ní ọ̀gìnnìtìn, ṣùgbọ́n kò ní ọyẹ́. Ẹ ti rí i bí lẹ́tà onítíì ti gbé wa dé inú ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ọmọ náà bi mí dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń gbọ́ ní kíláàsì lọ.

Ní kíláàsì náà nìyẹn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní fi Yorùbá kọ ojú-ìwé kan lórí ohun tí wọ́n ṣe láti ìgbà tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú wọn kò kọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kọ pé àṣà jẹ́ ohun àjogúnbá, pé Odùduwà ni baba ńlá wa, pé ọmọ tí ó bá sọ ilé nù sọ àpò ìyà kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ pé òun kò rí omi pọn, òun fi omi inú ike bọ́jú, òun jẹ gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà, òun sì pẹ́ dé. Àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fún un ní máàkì tí ó pọ̀ jù, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe òpè. Àwa ni a ti kọ́ wọn, láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá, pé bí ènìyàn bá ti mú gègé láti kọ Yorùbá, àfi kí ó kọ́kọ́ wẹ̀, kí ó sì wọ agbádá.

Bẹ́ẹ̀, kí ni ó wà nínú ọjọ́ kan ní ìparí ọyẹ́ tí Yorùbá kò lè gbé? Ẹ wo tèmi, kò sí ohun ìyanu nínú rẹ̀. Mo máa ń jí kí àwọn awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò Ìbàdàn ní oríta. Omi inú korobá á ti tutù bí òkúta. Màá gbé díẹ̀ kaná, màá fi wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òrí: òrí sí ètè tí ń bó, òrí sí gìgísẹ̀ tí ó ya, òrí sí ẹ̀yìn ọwọ́. Màá dúró kí ó fà mọ́ ara, nítorí pé ọwọ́ olórí kò dára fún ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gbígbẹ kì í lè ṣí ojú-ìwé. Ọyẹ́ kì í ṣàánú ìwé náà: bébà a máa ká, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbẹ, ojú-ìwé a sì máa yọ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé igi. Ẹ̀kọ gbígbóná nínú ife, wákàtí kan ìwé kíkà kí àwọn ará ilé tó jí. Ní ọ̀sán, ooru kò jẹ́ kí ènìyàn ronú; mo máa ń fi àkókò náà ṣe àtúnṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí kò gba ìrònú púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbálùmọ̀. Àsìkò rẹ̀ nìyí, n kò sì mọ ohun tí ó bá ìwé kíkà mu jù ú lọ, bí ènìyàn bá lè rántí pé ọwọ́ kan ni kí ó fi jẹ ẹ́, kí ó fi èkejì di ìwé mú. Oje rẹ̀ a máa lẹ̀ bí àtè.

Orúkọ àdúgbò wa yìí, àdúgbò kan ń jẹ́ ẹ ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Ọjà tí wọ́n ń ná ní oṣù karùn-ún lọ́dọọdún nígbà kan rí ni ó fún ti ibẹ̀ lórúkọ. Ojoojúmọ́ ni à ń ná tiwa, ọjà náà ni ó sì jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti burú tó. Àkàrà ni mo ń rà. Ìyá alákàrà máa ń fi bébà wé e, èmi, nítorí pé n kò lè rí ọ̀rọ̀ kíkọ kí n má kà á, a sì máa ka bébà náà bí mo ti ń jẹ ẹ́. Mo ti ka ìbéèrè ìdánwò kẹ́mísírì. Mo ti ka ìwé ìkéde ìsọjí, rìsíìtì ilé ìtajà, fọ́ọ̀mù ilé ìfowópamọ́, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, àti ìdajì lẹ́tà tí ẹnì kan fi ń tọrọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí inú rírun. Gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ọdún tí mo ti ń ra àkàrà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí èyí tí a fi Yorùbá wé. Ojú-ìwé kan nínú Aláròyé ni.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bébà tí a ń dà nù ni ó ń sọ èdè tí a fi ń gbé ayé. A kì í da ohun ìmúròde nù. Ohun tí a ń lò, tí ó ń gbó, ni à ń dà nù. Yorùbá wà nínú ìwé ewì tí a tẹ̀ dáadáa, ó wà lára ògiri gbọ̀ngàn, ó wà lórí ẹ̀bùn tí a fi ń dá àwọn olóyè lọ́lá. Kò sí nínú pàǹtírí wa.

Ìyá alákàrà fúnra rẹ̀ ni mo wá rí i pé ó yàtọ̀. Ó ní ìwé àwìn kan, irú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, ó fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan tí n kò ní owó kékeré lọ́wọ́, ó ṣí i kí ó lè kọ tèmi sí i, mo sì yọjú wò ó: "iya ibeji 500. oni keke dudu 300. tisa onigilaasi 1000."

"Ìyá," ni mo wí, "ṣé orúkọ mi nìyẹn?"

"Orúkọ wo, ọ̀gá tíṣà? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Ojú yín ni mo kọ."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún un pé èmi náà ní ìwé kékeré kan nílé tí mo ń fi Yorùbá kọ nǹkan sí lálaalẹ́. Ó gbójú sókè wò mí tàánú-tàánú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló jẹ yín?"

Kò sí ẹni tí ó jẹ mí. Ìwé náà ti pé ọdún mọ́kànlá, ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni mo ń kọ lójúmọ́, kò sì sí ẹwà kankan nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ti oṣù yìí. "Ọjọ́ kẹwàá. Ọyẹ́ rọra wá láàárọ̀. Mo ka orí kan nínú Ogún Ọmọdé. Àgbálùmọ̀ méjì: ọ̀kan kan, èkejì dùn." "Ọjọ́ kẹrìnlá. Iná lọ ní aago méje. Ṣájà kò wúlò. Mo tan àtùpà, mo ka ìwé, ojú ta mí." "Ọjọ́ kọkàndínlógún. Kùrukùru eruku bo gbogbo òkè. N kò kọ nǹkan kan. Mo sùn." Bí olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kọ Ogún Ọmọdé náà, bá rí i, bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣé òun kọ́ ni ó jókòó ní 1974 tí ó fi Ó Le Kú hàn wá pé Yorùbá lè sọ nípa ọmọ yunifásítì, nípa lẹ́tà ìfẹ́, nípa ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti àríyá, láìjẹ́ pé a lọ pa ẹranko kan nínú igbó?

Ẹni tí ó bá rò pé àṣà tuntun ni mo ń dá sílẹ̀, kí ó padà sínú ìtàn. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1859, kì í ṣe oríkì ni wọ́n fi kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó dé, ẹni tí ó lọ, ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi, ẹni tí ó kú, ọ̀rọ̀ ìjọ àti ọ̀rọ̀ òwò: ìwọ̀nyí ni ìròyìn. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan, ó sì wà títí di 1867. Ohun ilé ni ìwé kíkọ wa fi bẹ̀rẹ̀.

Ti Ṣẹ̀gilọlá ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní 1929 àti 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n láti orí ibùsùn àìsàn, tí ó ń ròyìn ayé tí ó jẹ àti ìyà tí ó wá ń jẹ ẹ́. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà lóòótọ́. Àwọn kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Àwọn kan fi owó ránṣẹ́. Thomas ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde sí ìtàn-àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní Yorùbá. Ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ìdí ni pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà náà pé obìnrin ará Èkó kan jókòó, ó fi Yorùbá kọ̀wé nípa ara tí ń ro ó. Bí a bá ṣe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ lónìí, èdè tí a fi kọ lẹ́tà náà ni yóò kọ́kọ́ tú wa fó. Wọ́n á ní: irú aláìsàn wo ni ó ń fi Yorùbá kọ lẹ́tà?

Fágúnwà ńkọ́, ẹni tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń fi orúkọ rẹ̀ nà wá? Ibo ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938 ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe nínú igbó. Orí àga ni, nínú ilé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkàn akọ̀wé náà balẹ̀, kí àgbàlagbà kan tó wọlé tọ̀ ọ́ wá pé kí ó mú gègé àti bébà. Ẹ ṣàkíyèsí pé gègé àti bébà kò jìnnà sí ọkùnrin náà. Nígbà tí Fágúnwà fúnra rẹ̀ sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, Yorùbá ni ó fi kọ Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: ṣé nítorí tíì àti ìwé àwìn ni Ọ̀mọ̀wé fi ń bínú báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí ó ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ní ìlú wa níhìn-ín ni a ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1970, lábẹ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa ṣe. Láìpẹ́ lẹ́yìn ìkéde náà, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ fi ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí mi kí n fọwọ́ sí i. Ojú-ìwé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì dídán. Mo béèrè ẹ̀dà Yorùbá. Wọ́n ní àkókò kò sí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá kò ní àkókò láti fi Yorùbá sọ pé Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ! Mo fọwọ́ sí i, nítorí pé òtítọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ alátakò wa, n kò ní wá ẹ̀rí mìíràn lọ. Èmi yóò kàn gbé ìwé ẹ̀hónú náà sókè ni.

Ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò láàárọ̀, tí kò wá rí ohunkóhun tí a fi Yorùbá kọ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí ìwé ìlò oògùn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí patákó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé pélébé tí ìyá rẹ̀ fi rán an lọ sọ́jà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà ti mọ ipò èdè rẹ̀ láìjẹ́ pé mínísítà kankan sọ ọ́ fún un. Ìjọba lè fi àṣẹ gba kíláàsì lọ́wọ́ wa. Ta ni ó gba ìwé ọjà lọ́wọ́ wa?

Wọ́n ní àmì ohùn ń gba àkókò. Ìlànà àkọtọ́ tí à ń lò ti gba òǹtẹ̀ ìjọba láti 1974, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín sì ní Yorùbá nínú, bí ẹ bá wá a. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi fi fóònù kọ̀wé sí mi pé: "E ba wa ra igba bo." Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, àbí ìgbá tí à ń jẹ? Méjèèjì ni mo rà. Ẹ má gbàgbé pé ìwé tí ìwọ nìkan yóò kà, bí ti ìyá alákàrà, kò pọn dandan kí o fi àmì sí i. Èyí tí ẹlòmíràn yóò kà, fi àmì sí i, kí o sì fi sí ibi tí o mọ̀ bí o kò bá mọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nì mọ èyí láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kò sí fún àwọn ohun ìgbàlódé. Àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ti ṣe èdè-ìperí fún fóníìmù àti gbólóhùn alákànpọ̀. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ṣájà ni ó dí yín lọ́nà. Ẹ pè é ní ṣájà. Àlùbọ́sà tí ń bẹ nínú àkàrà yín, ọ̀dọ̀ Haúsá ni a ti mú un, Haúsá sì ti mú un láti inú Lárúbáwá. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá náà ni wákàtí ti wá. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àlùbọ́sà kí ó tó jẹ ẹ́.

Àkọ́rọ̀ òjò kò ní pẹ́ rọ̀ mọ́, eruku yóò sì wálẹ̀. Kí ó tó rọ̀, ẹ kọ ìlà márùn-ún lórí ohun tí ẹ jẹ, ohun tí ẹ kà, àti ibi tí òtútù ti mú yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ òwe. Bí ó bá sì jẹ́ pé èsì ìbínú ni ẹ ní fún mi, ẹ kọ òun náà wá, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ Yorùbá. Màá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, màá kà á títí dé òpin. Ìyá alákàrà ti ní kí n máa kó èyí tí mo bá ti kà tán wá fún òun.